Tàkúté Tí Ọdẹ Kò Bẹ̀ Wò: Bí Àdó Olóró Abẹ́lẹ̀ Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Nígbà tí mo lọ sílé ní Ọ̀yọ́ lẹ́yìn ìdánwò, mo yà kí bàbá kan ládùúgbò wa. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ wọ́n pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan àti ọ̀pá méjì tí wọ́n ń kì bọ abíyá. Ní Ọ̀yọ́, níbi tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tó ń kọ́ àwọn olùkọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ìpèníjà ara wà, ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn kì í ṣe ohun àpéwò. Bóyá ìdí nìyẹn tí n kò fi bèèrè rí ohun tó ṣe ẹsẹ̀ wọn.

Lọ́jọ́ yẹn, àwọn ni wọ́n bi mí. Wọ́n ní, "Àṣàkẹ́, mo gbọ́ pé físíìsì ni o ń kà ní Ògbómọ̀ṣọ́?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó dáa. Ṣàlàyé ohun tó gbà mí lẹ́sẹ̀ fún mi. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí mo ti ń rò ó."

Wọ́n wá sọ ọ́. Ọmọ ogun ni wọ́n nígbà Ogun Abẹ́lé, ní ẹ̀ka Third Marine Commando, lábẹ́ Benjamin Adékúnlé, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí gbogbo ayé ń pè ní Black Scorpion. Lọ́dún 1968, lẹ́yìn tí wọ́n ti gba Port Harcourt, àwọn mẹ́rin ń lọ pọn omi lójú ọ̀nà ẹsẹ̀ kan. Àwọn mẹ́ta ṣíwájú, wọ́n sì kọjá láìsí ohun tó ṣe wọ́n. Bàbá ni ẹnì kẹrin. Ẹsẹ̀ òsì wọn kan ilẹ̀, ilẹ̀ sì bú gbàmù.

"Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé kí ló dé tó jẹ́ èmi? Ojú ọ̀nà kan náà ni gbogbo wa gbà. Ṣé mi ò wolẹ̀ dáadáa ni?"

N kò rí nǹkan kan sọ. Ó dùn mí, nítorí pé wọ́n ti kọ́ mi ní ìwọ̀n, ní òòfà, ní agbára àti ní ìṣirò ohun tó ṣeé ṣe. Gbogbo ohun tí ìbéèrè yẹn ń fẹ́ ti wà nínú ìwé mi, àmọ́ n kò kó wọn pọ̀ rí. Nígbà tí mo padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa rẹ̀. Ohun tí mo rí ni mo kọ síbí. Ẹni tó bá ń wá bí wọ́n ṣe ń ṣe ohun ìjà yìí kò ní bá a níbí. Ohun tí mo fẹ́ ká lóye ni ohun tó jẹ́ àti ohun tó ń ṣe fún ara èèyàn.

Tàkúté ni, àmọ́ kò ní ọdẹ

Ìtàn sọ fún wa pé ọdẹ ni Ògúnlọlá tó tẹ Ògbómọ̀ṣọ́ dó, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ọdẹ bẹ̀rẹ̀. Ìbọn nílò ẹni tí yóò yìn ín. Ẹni tó di ìbọn mú ń wo ohun tó fẹ́ yìn ín sí. Bó bá rí i pé èèyàn ni, tí kì í ṣe ẹran, ó lè dáwọ́ dúró. Tàkúté kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó tẹ tàkúté gan-an ló ń mú kó ṣiṣẹ́.

Bí àdó olóró abẹ́lẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Àdéhùn àgbáyé tó fòfin dè é sọ pé ohun ìjà tí wọ́n ṣe kó lè bú nígbà tí èèyàn bá wà níbẹ̀, tó bá sún mọ́ ọn, tàbí tó bá fara kàn án, ni à ń pè ní àdó abẹ́lẹ̀ tí wọ́n fi ń dẹ èèyàn. Ẹ kíyè sí i pé àdéhùn náà kò sọ̀rọ̀ nípa irú ẹ̀tù tó wà nínú rẹ̀ tàbí bó ṣe tóbi tó. Ẹni tó ń mú un bú ni ọ̀rọ̀ dá lé.

Síbẹ̀, ìyàtọ̀ kan wà láàárín òun àti tàkúté. Ọdẹ tó dẹ tàkúté mọ ibi tó dẹ ẹ́ sí. Ní òwúrọ̀, á lọ bẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá fẹ́ dẹ ẹ́ mọ́, á tú u, á sì gbé e lọ sílé. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ri àdó abẹ́lẹ̀ kì í padà wá. Ogun á gbé wọn lọ síbòmíràn, tàbí kí wọ́n kú, tàbí kí ìwé tí wọ́n fi sàmì sí ibi tí wọ́n rì í sọnù, bí wọ́n bá tilẹ̀ sàmì sí i rárá. Tàkúté yóò wà níbẹ̀, ọdẹ kò ní sí.

Ohun mẹ́rin tó wà nínú rẹ̀

Bó ti wù kí àdó abẹ́lẹ̀ yàtọ̀ síra tó, ohun mẹ́rin ló sábà máa ń wà nínú wọn.

Èkíní ni ara rẹ̀, ìyẹn àpótí tó kó ìyókù sínú. Láyé Ogun Àgbáyé Kejì, irin ni ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n sì fi igi ṣe àwọn mìíràn. Nígbà tó yá, ike ló gbòde. Ike kì í dípẹtà, kì í tètè jẹrà nínú ilẹ̀, ẹ̀rọ tó ń wá irin kì í sì tètè rí i.

Èkejì ni fúùsì, pẹ̀lú ibi tí ẹsẹ̀ yóò tẹ̀ tàbí okùn tí ẹsẹ̀ yóò fà. Ibí ni ìwọ̀n ti wọ ọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ kò nílò ju ìwọ̀n kìlógíráàmù díẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún mẹ́ta wúwo tó bẹ́ẹ̀. Fúùsì kò mọ sójà yàtọ̀ sí ọmọdé tó ń sáré tẹ̀lé ewúrẹ́.

Ẹ̀kẹta ni detonator, ẹ̀kẹrin sì ni ẹ̀tù ńlá tó ń ṣe ìparun, èyí tó sábà máa ń jẹ́ TNT tàbí irú rẹ̀. Kí ló dé tí a fi nílò méjèèjì? Ẹni tó bá ń fi èédú dáná mọ̀ ọ́n. Bí o bá ṣá ìṣáná sí èédú ní tààrà, ìṣáná á jó tán, èédú á sì máa wò ọ́. O ní láti kọ́kọ́ wá ohun tó tètè ń gbaná. Bákan náà, TNT kì í tètè jí. Detonator kéré, àmọ́ ó gbóná, ó sì tètè ń bínú. Òun ló ń jí TNT.

Bí TNT bá ti jí, ìbúgbàù náà ń gba inú rẹ̀ kọjá ní ohun tó lé ní kìlómítà 6 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ jẹ́ ká fi wé ọ̀nà tí gbogbo wa mọ̀. Láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́ tó nǹkan bí àádọ́ta kìlómítà, bọ́ọ̀sì sì máa ń lo bíi wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó bá ń sáré tó ìbúgbàù yẹn kò ní lò tó ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá. Nítorí náà, kò sí pé èèyàn yára gbé ẹsẹ̀ kúrò.

Oríṣi mẹ́ta

Oríṣi kìíní ni èyí tí wọ́n ń rì sábẹ́ ilẹ̀ tààrà, tí agbára ìbúgbàù rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń ṣe ẹsẹ̀ léṣe. Òun ló wọ́pọ̀ jù. Oríṣi kejì ń fọ́n irin ká. Àwọn ará Jámánì ṣe ọ̀kan nígbà Ogun Àgbáyé Kejì tó jẹ́ pé yóò kọ́kọ́ fò jáde nínú ilẹ̀ dé ìbàdí èèyàn kó tó bú. Ẹ̀kẹta ń da irin sí apá kan ṣoṣo, bí ìgbà tí èèyàn da òkúta wẹ́wẹ́ láti inú agbọ̀n. Irú èyí ni Claymore ti àwọn ará Amẹ́ríkà.

Nígbà Ogun Abẹ́lé, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Biafra ṣe ohun ìjà tiwọn tí wọ́n pè ní Ogbunigwe. Ní èdè Ìgbò, orúkọ náà túmọ̀ sí ohun tó ń pa ọ̀pọ̀ èèyàn. Wọ́n ṣe é ní oríṣiríṣi, ọ̀kan lára wọn sì ń da irin sí apá kan ṣoṣo. Ẹnì kan máa ń lúgọ sí ọ̀ọ́kán, á máa wo ọ̀nà, á sì fi wáyà iná mú un bú nígbà tí ọmọ ogun bá dé ọ̀gangan rẹ̀. Lójú àdéhùn àgbáyé tí mo mẹ́nu bà, èyí tí èèyàn ń wò tó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú bú kò sí lára ohun tí wọ́n fòfin dè. Àmọ́ bí wọ́n bá so ohun kan náà mọ́ okùn kọjá ọ̀nà, tí wọ́n sì fi í sílẹ̀ kí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni wá fà á, ó ti di àdó abẹ́lẹ̀ nìyẹn. Irin kan náà, ẹ̀tù kan náà. Ojú tó ń ṣọ́ ọ ló kúrò níbẹ̀.

Ìdí tó fi jẹ́ ẹsẹ̀ ló sábà máa ń lọ

Ó yà mí lẹ́nu láti kà á pé ọ̀pọ̀ àdó abẹ́lẹ̀ kéékèèké ni wọn kò ṣe láti pa èèyàn lójú ẹsẹ̀. Lójú àwọn tó ń ṣètò ogun, òkú kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu títí ogun á fi tán. Àmọ́ ẹni tó fara pa ń ké. Ẹni méjì ní láti gbé e, dókítà ní láti tọ́jú rẹ̀, ọkọ̀ ní láti gbé e lọ, àwọn tó kù á sì máa bẹ̀rù ilẹ̀.

Ohun mìíràn ni pé ìbúgbàù ń ti ìsàlẹ̀ wá sókè. Ó ń kó yẹ̀pẹ̀, ike, awọ bàtà àti eérún egungun, á sì tì wọ́n wọ inú ẹran ara lókè ibi tí egbò ti hàn. Ìdọ̀tí yẹn ló ń mú kí ẹsẹ̀ jẹrà. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi sábà máa ń gé ẹsẹ̀ lókè ibi tó ti já. Bàbá sọ fún mi pé àtàrí ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ jẹ́ fún wọn, nítorí pé gìgísẹ̀ nìkan ni wọ́n rò pé ó bà jẹ́, àmọ́ ìsàlẹ̀ orúnkún ni wọ́n ti gé e nílé ìwòsàn.

Ogun parí, ilẹ̀ kò gbọ́

Ogun Abẹ́lé parí ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1970. Àmọ́ àdó abẹ́lẹ̀ kì í gbọ́ rédíò. Ní Gúúsù Ìlà-Oòrùn, àwọn àgbẹ̀ àti ọmọdé ṣì ń pàdé ohun abúgbàù ogun náà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ ECOWAS ní Àbújá, ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá ọdún 2017 ni ilé ẹjọ́ sì fọwọ́ sí ìpinnu tí tọ̀tún-tòsì fẹnu kò sí: kí ìjọba àpapọ̀ san bílíọ̀nù 50 náírà fún àwọn tó fara gbá, kó sì ná bílíọ̀nù 38 náírà sórí pípa ilẹ̀ mọ́. Ogójì ọdún ó lé méje lẹ́yìn ogun nìyẹn.

Káàkiri ayé, àwọn tó ń ṣe àkọsílẹ̀ Landmine Monitor ka èèyàn 5,757 tí àdó abẹ́lẹ̀ àti àwọn ohun abúgbàù tí ogun fi sílẹ̀ pa tàbí ṣe léṣe ní ọdún 2023. Níbi tí wọ́n ti mọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́, ìdá 84 nínú ọgọ́rùn-ún ni kì í ṣe ọmọ ogun.

Òfin tó dè é

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1997, àwọn orílẹ̀-èdè bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ sí àdéhùn ní ìlú Ottawa ní Kánádà pé àwọn kò ní lo àdó abẹ́lẹ̀ tí wọ́n fi ń dẹ èèyàn, àwọn kò ní ṣe é, àwọn kò ní tà á, àwọn á sì ba èyí tó wà lọ́wọ́ jẹ́. Lọ́dún yẹn kan náà, Jody Williams àti ẹgbẹ́ tó ń pe fún òfin náà gba ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà. Àdéhùn náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹta ọdún 1999, Nàìjíríà sì wọ inú rẹ̀ ní ọdún 2001. Orílẹ̀-èdè tó lé ní 160 ló fọwọ́ sí i, àmọ́ Amẹ́ríkà, Rọ́ṣíà àti Ṣáínà kò sí níbẹ̀. Ní ọdún 2025, orílẹ̀-èdè márùn-ún ní Yúróòpù tó wà nítòsí Rọ́ṣíà kéde pé àwọn ń jáde.

Nàìjíríà kéde ní ọdún 2011 pé kò sí àdó abẹ́lẹ̀ tí a mọ̀ ní ilẹ̀ wa mọ́. Ayọ̀ náà kò tọ́jọ́. Ogun Boko Haram ní Borno, Adamawa àti Yobe mú òmíràn wá. Èyí kò wá láti ilé iṣẹ́ ohun ìjà. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń to ọ̀pọ̀ rẹ̀ pọ̀. Bí ẹsẹ̀ èèyàn bá lè mú un bú, àdó abẹ́lẹ̀ ni lójú àdéhùn náà. Ní ọdún 2019, ìjọba wa padà lọ sọ fún àwọn orílẹ̀-èdè yòókù pé ìṣòro náà ti tún dé. Àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ ni àgbẹ̀ tó ń padà sóko, àwọn obìnrin tó ń ṣẹ́gi àti àwọn arìnrìn-àjò.

Bí wọ́n ṣe ń wá a

Àwa tí a ti ṣe iṣẹ́ òòfà ní láàbù mọ ìpìlẹ̀ ẹ̀rọ tó ń wá irin. Iná tó ń yí padà ń gba inú wáyà tí a ká róbótó, ó ń dá òòfà sílẹ̀, òòfà náà á wọlẹ̀, á sì ru iná kékeré sókè nínú irin tó bá wà níbẹ̀. Iná kékeré yẹn náà á dá òòfà tirẹ̀ padà, ẹ̀rọ á sì ké. Irin tó wà nínú ọ̀pọ̀ àdó oníke kò ju ti abẹ́rẹ́ kékeré lọ. Nítorí èyí, àdéhùn àgbáyé mìíràn ti ọdún 1996 pàṣẹ pé àdó abẹ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ké lábẹ́ ẹ̀rọ tó bí irin oníwọ̀n gíráàmù 8 ṣe máa ké. Àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣe é kò ka òfin yẹn.

Ìṣòro kejì ni ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ilẹ̀ pupa bíi ti Ògbómọ̀ṣọ́ níbí kún fún irin tó ti jẹrà, ó lè mú ẹ̀rọ ké lásán. Ẹni tó ń wá àdó á wá máa tú ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nítorí ìṣó, ìdérí ìgò àti ọta ìbọn àtijọ́.

Òkété wà lára àwọn tó ń ran èèyàn lọ́wọ́ níbí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ní Morogoro ní Tanzania, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ APOPO ń kọ́ eku ńlá tó jẹ́ ìbátan òkété tiwa gan-an láti máa gbóòórùn TNT. Irin kò kàn án, nítorí náà ìdérí ìgò kò lè tàn án jẹ. Kò wúwo ju kìlógíráàmù kan àti díẹ̀ lọ, nítorí náà ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tó mú àdó bú. Láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó lè yẹ ilẹ̀ tó tó pápá tẹ́níìsì kan wò; ẹni tó mú ẹ̀rọ lọ́wọ́ lè lo tó ọjọ́ mẹ́rin. Ọ̀kan nínú wọn, Magawa, rí àdó abẹ́lẹ̀ 71 ní Cambodia kó tó fẹ̀yìn tì ní ọdún 2021. Ẹgbẹ́ PDSA ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì ti fún un ní àmì-ẹ̀yẹ wúrà ṣáájú, ní ọdún 2020, eku kankan kò sì gba irú rẹ̀ rí.

Ìdáhùn tí mo mú lọ sí Ọ̀yọ́

Nígbà tí mo padà lọ kí bàbá, mo mú ìwé àti bírò dání. Mo ní ká gbà pé ọ̀nà ẹsẹ̀ náà fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 50, àti pé sẹ̀ǹtímítà 70 ló wà láàárín ìgbésẹ̀ kan sí èkejì. Ibi tí ẹsẹ̀ kan lè bọ́ sí nìyẹn. Ká gbà pé àtẹ́lẹsẹ̀ gùn ní sẹ̀ǹtímítà 25, ó sì fẹ̀ ní 10, àti pé àdó náà fẹ̀ ní 10. Nígbà tí mo ṣírò rẹ̀, ó jẹ́ nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan nínú márùn-ún ni ẹni tó ń kọjá máa fara kàn án. Nínú márùn-ún, mẹ́rin á kọjá láìmọ̀. Kí ẹni mẹ́ta tẹ̀ léra wọn kọjá láìtẹ̀ ẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì-ìdajì, bí ìgbà tí a ta owó ẹyọ sókè. Kò sí ohun ìyanu níbẹ̀.

Mo tún sọ fún wọn pé ẹni tó rì í bò ó mọ́lẹ̀ kí ojú má baà rí i. Bí wọ́n bá tilẹ̀ ń wolẹ̀ ní gbogbo ìgbésẹ̀, yẹ̀pẹ̀ ni wọn ì bá rí.

Bàbá wo ìwé náà títí. Wọ́n ní, "Nítorí náà, kì í ṣe pé mi ò wolẹ̀."

Mo ní, "Rárá, sà. Ẹ kò jẹ̀bi."

Wọ́n ká ìwé náà, wọ́n fi í sápò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ tó ń lọ sin ilẹ̀ baba wọn lókè lọ́hùn-ún, ṣé ẹnikẹ́ni ń sọ èyí fún wọn?"

Ọ̀rọ̀ bàbá ló jẹ́ kí n kọ àpilẹ̀kọ yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ fún ìsìnrú ìlú, àti ẹ̀yin tí iṣẹ́ ń gbé lọ sí apá Àríwá Ìlà-Oòrùn, ẹ fi èyí sọ́kàn. Ojú ọ̀nà tí àwọn ará ibẹ̀ ń tọ̀ lójoojúmọ́ ni kí ẹ tọ̀. Bí wọn kò bá gba ibì kan mọ́, ẹ bèèrè ìdí. Ẹ má fọwọ́ kan ohun tí ẹ kò mọ̀, ẹ má ta á nípàá, ẹ má sọ òkò lù ú. Bí ẹ bá fura pé ẹ ti wọ ibi tó léwu, ẹ dúró lójú kan, ẹ ké sí àwọn yòókù kí wọ́n dúró, kí ẹ sì pe ìrànlọ́wọ́. Bí kò bá sí ẹni tó lè wá, tí ẹ sì rí ipasẹ̀ yín kedere, ipasẹ̀ yẹn gan-an ni kí ẹ fi padà. Bí ẹlòmíràn bá fara pa, ẹ má sáré lọ bá a. Ibi tí ọ̀kan wà, òmíràn lè wà níbẹ̀. Ẹ sàmì sí ibẹ̀ láti òkèèrè, kí ẹ sì sọ fún ọmọ ogun tàbí ọlọ́pàá.

Ẹ̀yin àgbà wa tí ẹ ti jáde, bí iṣẹ́ yín bá kan ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ̀wé sí wa kí a lè kọ́gbọ́n síi. Bàbá ní kí n mú ẹ̀dà kan wá sílé nígbà tó bá jáde. Mo ti ṣèlérí pé èmi fúnra mi ni máa kà á fún wọn.